Ohùn Kọ́ Ni A Fi Ń Béèrè

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ kí n fi ẹjọ́ kan sùn yín. Àbúrò mi, tí ó wà ní kíláàsì kejì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, gba òdo nínú iṣẹ́ Yorùbá. Ohun tí ó kọ nìyí: “Màmá mi wà ní ilé? Ta ni ó jẹ iyọ̀.” Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní tíṣà àwọn ni ó wí pé bí ohùn bá gòkè ní ìparí, kí àwọn fi àmì ìbéèrè sí i. Bí ó bá wálẹ̀, kí àwọn fi àmì ìdánudúró.

Ẹ tún un kà. Ọmọ náà kò ṣìnà rárá! Ohùn òkè ni ó parí “ilé”, ohùn ìsàlẹ̀ ni ó parí “iyọ̀”. Òfin tí wọ́n fún un ni ó tẹ̀ lé, òun náà ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ nà án.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì ni. A kàn wọ̀ ọ́ ní agbádá ni. Nínú èdè tiwa, ohùn ti ní iṣẹ́ tirẹ̀: òun ni ó ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ni a fi ń béèrè: ṣé àti ǹjẹ́ níwájú, dà àti ńkọ́ lẹ́yìn, ta, kí, èwo, mélòó. Ọmọ ti mọ gbogbo wọn kí ó tó mọ ọ̀nà ilé-ìwé. Kí ni ó dé tí a kò lè ní kí ó wá wọn? (Òótọ́ ni pé “Ó béèrè bóyá mo jẹun” yóò fẹ́ dà á láàmú. Ìyẹn lè dúró di kíláàsì kẹrin.)

Ti àmì ìdánudúró tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ rẹ̀ ni ó ń tàn wá jẹ. “Ibi tí o bá ti mí ni kí o fi í sí,” ni wọ́n ń wí. Oníjàálá a máa kó gbólóhùn mẹ́fà sínú èémí kan. Ọmọ tí ó sáré ti odò dé a máa mí lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó pe ìyá rẹ̀ tán. Ẹ wí fún ọmọ pé “Adé”. Yóò bi yín pé kí ni Adé ṣe. Ẹ wí pé “Adé pa”. Yóò ní kí ni ó pa. Ẹ wí pé “Adé pa ejò”; yóò dákẹ́. Ibẹ̀ ni kí ó fi àmì náà sí.

Àwọn kan yóò ní ohun kékeré ni, Gẹ̀ẹ́sì yóò tún un ṣe bí ó bá yá. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Ifẹ̀, fún odidi ọdún mẹ́fà. Èdè tí ó gbé ìṣirò, àmì bíńtín yìí ni kò ní lè gbé?

Mo lọ bá tíṣà náà. Kò bínú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ òun náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.