Ẹ̀yìnkùlé Ta Ni Wọ́n Ń Da Májèlé Sí?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kì í ṣe èèṣì ni ìdọ̀tí olóró fi ń balẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé tálákà. Láàárín ọdún 1987 sí 1988, àwọn oníṣòwò kan kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá májèlé láti Ítálì wá sí Koko, ìlú etí odò tó wà ní Ìpínlẹ̀ Delta lónìí. 100 dọ́là lóṣù ni wọ́n fi háyà àyè tí wọ́n kó o sí. Níbi tí owó ti ṣọ̀wọ́n, tí wọn kò sì sọ ohun tó wà nínú àgbá fún aráàlú, ta ni yóò kọ̀?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà ní Ítálì ló kọ̀wé sílé. Ìròyìn gbòde, wọ́n sì kó ẹrù náà padà. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ládùúgbò yín, ẹ bi í níbi tí èéfín àti omi ìdọ̀tí rẹ̀ yóò gbà. Ẹ bi í kí àwọn bàbá yín tó tọwọ́ bọ̀wé.