Dátà Tí À Ń Rà, Dátà Tí À Ń Fi Tọrẹ



Bí dátà bá ti gbówó lórí, gbogbo wa la máa ń pariwo. Láti Agric dé gáréèjì Ìkòròdú, kò sí ẹni tí kò mọ iye tí wọ́n ń ta 1GB. Ṣùgbọ́n dátà mìíràn wà tí a kì í bèèrè iye rẹ̀, torí ọ̀fẹ́ la fi ń tọrẹ: orúkọ wa, fọ́tò wa, ibi tí a wà, àti nọ́ńbà gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù wa. Dátà yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Èmi fúnra mi ti fi ti ẹlòmíràn tọrẹ rí, ojú mi sì rí i.

Mo gba àyè lọ́wọ́ Àǹtí mi kí n tó kọ èyí. Wọ́n ní, "Kọ ọ́, ṣùgbọ́n má dárúkọ mi o." Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé, ẹja ni wọ́n ń tà ní ọjà Sábó. Lọ́jọ́ kan, owó ọjà wọn kò pé mọ́, wọ́n bá gbé fóònù wọn fún mi: "Ìwọ lo mọ nǹkan wọ̀nyí, bá mi wá ibi tí wọ́n ti ń yáni lówó lórí fóònù." Ẹnìkan ti fi líǹkì kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo tẹ̀ ẹ́, mo dáúnlóòdù áàpù náà. Ó ní òun fẹ́ wo nọ́ńbà inú fóònù: mo tẹ Allow. Ó ní òun fẹ́ wo fọ́tò: mo tẹ Allow. Mi ò ka nǹkan kan. Kò pẹ́ tí ₦20,000 fi wọlé, Àǹtí mi sì gbàdúrà fún mi.

Nígbà tí ọjọ́ owó pé, ọjà ò tà. Wọ́n pẹ́ ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó san án tán. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, àtẹ̀jíṣẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà wọn, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ìyá ọkọ wọn, àní ẹni tó ń bá wọn tún fíríìsà ṣe pàápàá. Fọ́tò wọn wà níbẹ̀, wọ́n kọ "OLÈ" sábẹ́ rẹ̀. Tíṣà kíláàsì wa náà gbà á, torí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù yẹn. Lẹ́yìn àsẹ́ḿbìlì, tíṣà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n rọra bi mí pé, "Ṣé kò sí wàhálà nílé?" Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Àǹtí mi ti san owó, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Oníbàárà méjì ò padà wá mọ́ títí dòní.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí gbèsè ló jẹ? Kó san!" Òótọ́ ni, ẹni tó bá jẹ gbèsè gbọ́dọ̀ san án. Láyé àtijọ́ pàápàá, olówó lè rán ológò lọ jókòó ti onígbèsè nílé, kó máa dà á láàmú títí yóò fi san. Ṣùgbọ́n ilé onígbèsè ni ológò ń lọ. Kì í lọ sí ilé tíṣà ọmọ rẹ̀. Tíṣà wa ò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ta ló wá fún àwọn ayánilówó ní nọ́ńbà wọn? Èmi ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti ilé wa lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA, tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé lórílẹ̀-èdè wa, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé iléeṣẹ́ Soko Lending lórí irú ìwà báyìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC, tó ń jà fún oníbàárà, lọ tú ọ́fíìsì àwọn ayánilówó orí fóònù ní Ìkẹjà. Google náà ṣòfin pé láti ọjọ́ 31, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, áàpù ayánilówó tó bá wà lórí Play Store kò gbọdọ̀ wo nọ́ńbà tàbí fọ́tò inú fóònù mọ́. Ṣùgbọ́n áàpù tó bá gba orí líǹkì WhatsApp wọlé kò gba Play Store kọjá. Irú líǹkì bẹ́ẹ̀ ni mo tẹ̀.

Ẹ má sì rò pé àwọn ayánilówó nìkan ni o. Àwọn ńlá náà ń kó dátà wa. Ohun tí a ń wò, ohun tí a fẹ́ràn, ibi tí a ń lọ, wọ́n ń ṣà á jọ kí àwọn tó ń polówó ọjà lè sanwó fún wọn láti rí wa. Ní oṣù keje ọdún 2024, FCCPC bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, tó ni Facebook, Instagram àti WhatsApp. Wọ́n ní ó ń kó dátà àwọn ọmọ Nàìjíríà láìjẹ́ kí wọ́n lè sọ pé àwọn ò fẹ́. Meta pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní kó san án.

Òfin wà nígbà náà. Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí wa, ilé wa àti ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lórí fóònù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Tinúbú buwọ́ lu òfin tó ń dáàbò bo dátà ará ìlú. Òfin yẹn ní kí iléeṣẹ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí tàbí alágbàtọ́ kí wọ́n tó gba dátà ọmọdé, ó sì fún wa láàyè láti ní kí wọ́n pa dátà wa rẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ò sí níbẹ̀ nígbà tí ìka mi ń tẹ Allow.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Press Club ní, "Mi ò jalè, kí ni mo fẹ́ fi pamọ́?" Mo ní, "Ó dáa, tí a bá délé, gbé fóònù ẹ fún mi kí n ka gbogbo chat ẹ sétí màmá ẹ." Ó rẹ́rìn-ín, ó yí ọ̀rọ̀ padà. Kì í ṣe gbogbo aṣọ là ń sá lóòrùn. Ká tiẹ̀ ní tìẹ ò jọ ẹ́ lójú, nọ́ńbà tó wà nínú fóònù ẹ kì í ṣe tìẹ nìkan.

Torí náà, ní Sátidé yìí, ẹ gba fóònù àwọn òbí yín, ẹ wọ Settings, ẹ wá Permissions, ẹ wo áàpù tó ń wo nọ́ńbà àti fọ́tò. Èyí tí kò bá nílò rẹ̀, ẹ pa á. Kí ni iná tọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi nọ́ńbà màmá yín ṣe? Ẹ má dáúnlóòdù áàpù láti orí líǹkì. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi ẹ̀kọ́ yìí kún ti kọ̀ǹpútà, torí ọmọ ló ń báwọn àgbà tẹ fóònù ní ilé púpọ̀ ní Agric yìí.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Èmi ni mo la ògiri ilé Àǹtí mi. Wọ́n ti dárí jì mí, wọ́n ṣì ń gbé fóònù wọn fún mi. Ṣùgbọ́n kí n tó tẹ nǹkan kan báyìí, wọ́n á kọ́kọ́ bi mí pé, "Ṣé o ti kà á?"

Ẹ máa bi ara yín bẹ́ẹ̀ náà.