Ojú-ìwé Àwọn Ìyá Ilé: Aṣọ Tábìlì Tí Ìyá Kò Rí Parí



Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ arábìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ti sùn nínú Olúwa. Nígbà tí wọ́n ń yẹ àpótí ìyá wò, wọ́n bá aṣọ tábìlì funfun kan níbẹ̀, tí abẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Igun mẹ́ta ni ìyá ti fi iṣẹ́ abẹ́rẹ́ alágbèélébùú kóṣẹ́ òdòdó pupa sí. Igun kẹrin ṣófo. Ìṣẹ́tí olówùú, irú èyí tí a ń fi abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu ìwọ̀ hun, tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní kíróṣé, ti gba ẹ̀gbẹ́ méjì, ó sì dúró ní agbedeméjì ẹ̀gbẹ́ kẹta. Arábìnrin wa ń fẹ́ parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ àti ọwọ́ ìyá rẹ̀ kò dọ́gba. Ó wá ń bèèrè bí ó bá tọ́ kí òun tú gbogbo rẹ̀, kí òun sì bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun, kí aṣọ náà lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo.

A bá yín kẹ́dùn, arábìnrin wa. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tú u.

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí kò sọ èyí láìní ìdí. Ní ìgbà kan, mo gba aṣọ ìrọ̀rí kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Mo ní ìṣẹ́tí rẹ̀ kò bá ti òde òní mu, ni mo bá jókòó tú u. Òwú tí ó ti pẹ́ lára aṣọ ti gbó. Bí mo ti ń fà á ni ó ń já, títí ó fi di wúruwùru lórí itan mi. Ohun tí ìyá àgbà fi oṣù púpọ̀ hun, ọ̀sán kan ṣoṣo ni mo fi bà á jẹ́. Mo fi òwú tuntun hun òmíràn sí i, ó sì dára ní ojú. Nígbà tí ìyá náà rí i, ó bi mí pé ta ni ó ni ìrọ̀rí yẹn.

Kì í ṣe ohun ìtìjú rárá kí ọwọ́ púpọ̀ wà lára iṣẹ́ kan. Nígbà tí ọ̀dùnkún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà nínú oko ní ilẹ̀ Ireland ní 1845, tí ìyàn ńlá sì mú ní ọdún púpọ̀ tẹ̀lé e, abẹ́rẹ́ oníwọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ obìnrin fi bọ́ ilé wọn. Ní ìlú Clones, Cassandra Hand, aya àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà ibẹ̀, mú kí a kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ náà ní 1847. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí: obìnrin kan a hun òdòdó rósì, èkejì a hun ewé, ẹlòmíràn a sì fi ojóbó wẹ́wẹ́ so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ọ̀ṣọ́ ọrùn aṣọ kan ṣoṣo. Aṣọ òfì tiwa náà ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ọ̀já tóóró tóóró ni a ń hun, kí aránṣọ tó so wọ́n pọ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gan-an. Igun kẹrin ni kí ẹ kọ́ ṣe, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìṣẹ́tí.

Ìṣirò ni iṣẹ́ alágbèélébùú. Ẹ wọn íǹṣì kan lórí aṣọ náà, kí ẹ sì ka ojú tí ó wà nínú rẹ̀. Lórí aṣọ Aida tí ó wọ́pọ̀, ojú 14 ni. Nítorí náà òdòdó tí ó gba ojú 70 ní ìbú yóò jẹ́ íǹṣì 5. Bí ó bá jẹ́ aṣọ ọ̀gbọ̀ tí ó ní okùn 28 nínú íǹṣì kan, tí ìyá sì ń fò okùn méjì méjì, ọ̀kan náà ni yóò já sí. Ẹ kà láti etí aṣọ dé àgbélébùú àkọ́kọ́ ní igun tí ìyá ti parí, ní ìbú àti ní òró. Iye kan náà ni kí ẹ kà ní igun kẹrin. Ẹ má ṣe fi ojú lásán wọ̀n ọ́n.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo apá tí ó wà lókè nínú àgbélébùú kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan a máa fà á láti ìsàlẹ̀ ọ̀tún lọ sí òkè òsì, àwọn mìíràn a sì máa ṣe òdìkejì rẹ̀. Èyí tí ìyá yàn ni kí ẹ yàn. Bí apá òkè kò bá kọjú sí ibì kan náà, ìmọ́lẹ̀ kò ní í bọ́ sí i lára bákan náà, pupa kan ṣoṣo yóò sì dàbí pupa méjì.

Òwú ìkóṣẹ́ a máa ní fọ́nrán mẹ́fà. Méjì ni ó tó fún aṣọ olójú 14. Kí gígùn rẹ̀ má ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, nǹkan bí íǹṣì 18, nítorí òwú tí ó gùn jù a máa lọ́, a sì máa gbó bí ó ti ń gba ihò kọjá. Ẹ má ta kókó sí ẹ̀yìn aṣọ. Abẹ́ iṣẹ́ ni kí ẹ ti orí òwú bọ̀.

Òwú ìyá yóò ti ṣá díẹ̀. Ẹ mú aṣọ náà lọ sí ọjà, kí ẹ fi òwú wé e ní gbangba, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Iye tí yóò tó ni kí ẹ rà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí òwú tí nọ́ńbà wọn jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n tí a rẹ ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lè má bára mu. Ẹ fi omi rin pupa náà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ àkísà funfun. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ràn, ẹ má lò ó. Àwọn kan a máa rẹ òwú funfun sínú omi tíì kí ó lè dàbí ti àtijọ́. Èmi kò fẹ́ràn ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́tí ni ó le jù, nítorí níbẹ̀ ni ọwọ́ olúkúlùkù ti ń fara hàn. Ẹ ka iye ìkarahun tí ìyá hun nínú íǹṣì 4, kí ẹ sì fi òwú tuntun hun irú rẹ̀ sọ́tọ̀. Bí tiyín bá pọ̀ ju ti ìyá nínú íǹṣì 4 náà, ọwọ́ yín le. Ẹ mú abẹ́rẹ́ tí ó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ó bá kéré, ọwọ́ yín dẹ̀. Ẹ mú èyí tí ó tínrín. Abẹ́rẹ́ ni kí ẹ pààrọ̀, kì í ṣe ọwọ́, nítorí ẹni tí ó ń fi ipá mú ọwọ́ ara rẹ̀ le kò ní í pẹ́ gbàgbé.

Bí ìkarahun kan bá gba ojóbó 6, kí iye ojóbó ẹ̀gbẹ́ tí ó ṣófo jẹ́ èyí tí a lè fi 6 pín láìṣẹ́kù, kí a sì fi 1 lé e. Bí ó bá pọ̀ jù, etí aṣọ yóò máa jó bí etí gèlè. Bí ó bá kéré jù, yóò sún kì. Ní igun, ẹ hun ojóbó mẹ́ta sínú ihò kan náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, igun yóò ká sókè bí ewé tí oòrùn pa. Ojóbó ìkẹyìn tí ìyá fi sílẹ̀, ẹ fi pínnì mú un kí ó má bàa tú kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria àti Albert ní Lọ́ńdọ̀nù, aṣọ ìkóṣẹ́ kan wà tí Jane Bostocke fi abẹ́rẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún 1598 sí; ó sì kọ ọjọ́ tí a bí Alice Lee ní 1596 sí i pẹ̀lú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Lẹ́tà kan lè wọ inú ojú 5 ní ìbú àti 7 ní òró. Ẹ kọ lẹ́tà orúkọ ìyá sí ọ̀kan nínú àwọn igun tirẹ̀, kí ẹ sì kọ tiyín sí igun kẹrin pẹ̀lú ọdún tí ẹ parí rẹ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé abẹ́rẹ́ tí ẹ bá lára aṣọ náà. Ẹ yọ ọ́ lónìí, kí ìpẹtà má bàa ta sí i. Bí ó bá ṣì ń dán, òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ igun kẹrin.