Ẹ Lọ Bá Olùkọ́ Sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin baba àti ìjòyè wa ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, láti 1955 tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ti sọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, òbí mìíràn gbà pé ọmọ ti di ti ìjọba. Ìgbà tí a bá nà án nìkan ni baba ń dé ọ̀dọ̀ olùkọ́. Olùkọ́ kò mọ̀ pé láti oko ni ọmọ ti ń rìn wá. Baba kò mọ̀ pé ọmọ kò kàwé mọ́. Àìmọ̀ méjì yìí ní í ba ọmọ jẹ́. Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ ṣáájú lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́. Ará ilé yóò tẹ̀ lé yín.