Gbèsè Tí Georgetown Jẹ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, Ed Martin, tó ń ṣe adelé olùpẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà nílùú Washington, kọ ìwé sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ òfin ti Yunifásítì Georgetown. Ó ní òun gbọ́ pé wọn kò tíì jáwọ́ nínú DEI, orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ fún ètò tó ní kí ilé-ẹ̀kọ́ ṣílẹ̀kùn fún onírúurú ènìyàn, kó fún oníkálukú ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, kó má sì sọ ẹnikẹ́ni di àjèjì nínú ọgbà. Bí wọn kò bá jáwọ́, ọ́fíìsì òun kò ní gba akẹ́kọ̀ọ́ wọn kankan síṣẹ́. William Treanor, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, fèsì ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta. Ó ní òfin ilẹ̀ náà kò fún ìjọba láṣẹ láti yan ohun tí yunifásítì yóò kọ́ ọmọ, àti pé ìwé Martin kan ìgbàgbọ́ Kátólíìkì tí wọ́n fi dá ibẹ̀ sílẹ̀ gan-an.

A kan sáárá sí Treanor. Síbẹ̀, Georgetown ní ìdí mìíràn láti má jáwọ́, tí èsì rẹ̀ kò sọ tó bó ṣe yẹ, òun náà ni gbèsè.

Ọdún 1789 ni wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀, kò sì sí yunifásítì Kátólíìkì tó dàgbà jù ú lọ ní Amẹ́ríkà. Àwọn Jesuit, ẹgbẹ́ àlùfáà kan nínú ìjọ Kátólíìkì, ní ìpínlẹ̀ Maryland ló ni ín, àwọn náà ló ni oko ńláńlá tí àwọn ẹrú ń ro fún wọn. Nígbà tó di 1838, gbèsè ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ́rùn. Fadá Thomas Mulledy, tó ti ṣe ààrẹ ibẹ̀ rí, tó sì jẹ́ olórí àwọn Jesuit Maryland lákòókò náà, ta ènìyàn 272, àtọkùnrin àtobìnrin, àtarúgbó àtọmọ ọwọ́, fún àwọn olóko Louisiana ní dọ́là 115,000. Isaac, ẹni ọdún 65, ni orúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú ìwé títà náà.

Wọn kò lè sọ pé àwọn kò mọ̀. Jan Roothaan, ọ̀gá àwọn Jesuit ní Róòmù, ti là á kalẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i: ẹ má ya ẹbí sí méjì, ẹ rí i dájú pé àwọn tí ẹ tà yóò rí ibi jọ́sìn, ẹ má fi owó náà san gbèsè. Wọ́n ya ẹbí. Ọ̀pọ̀ bọ́ sí oko tí kò sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì nítòsí. Nínú dọ́là 25,000 tó kọ́kọ́ wọlé, 17,000 ló lọ sí gbèsè Georgetown. Ẹ má sì gbàgbé pé Kátólíìkì ni àwọn tí wọ́n tà. Àwọn àlùfáà tó gbowó lórí wọn ló ń ṣe ìrìbọmi fún àwọn ọmọ wọn.

Ó yẹ kí èyí ká Kátólíìkì ilẹ̀ Yorùbá lára ju ẹlòmíràn lọ. Kí àwọn fadá òyìnbó tó wá fìdí kalẹ̀ ní Èkó, àwọn tó ti ṣe ẹrú ní Brazil, tí wọ́n gba òmìnira tí wọ́n padà wálé, ló ń kó ìjọ jọ, tí wọ́n ń gbàdúrà lábẹ́ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio. Ọwọ́ ẹni tí wọ́n dè ni ìjọ náà ti wọlé tọ̀ wá wá.

Ìtàn Patrick Healy tún wà níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ireland tó ní oko ní Georgia. Ẹrú ni ìyá rẹ̀, nítorí náà ẹrú ni òun náà lójú òfin Georgia. Ọkùnrin yìí ló di ààrẹ Georgetown láti 1874 sí 1882, ilé gogoro tí gbogbo ayé fi ń dá ọgbà náà mọ̀ sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé òyìnbó ni wọ́n kà á sí. Ní gbogbo ìgbà tó fi wà lórí àga yẹn, ọmọ tí ojú rẹ̀ fi hàn pé aláwọ̀ dúdú ni kò lè jókòó ní kíláàsì níbẹ̀. Ó di ìparí àwọn ọdún 1940 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Saint Louis, yunifásítì Jesuit mìíràn, ti ṣí tirẹ̀ ní 1944, lẹ́yìn tí Fadá Claude Heithaus gun orí pẹpẹ tó sì wàásù sí ọ̀rọ̀ náà láìfi bò.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Georgetown lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ààrẹ wọn. Wọ́n ní kí wọ́n yọ orúkọ Mulledy àti ti McSherry, ààrẹ tó lọ́wọ́ sí títà náà, kúrò lára ilé. Wọ́n yọ ọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, yunifásítì náà àti àwọn Jesuit tọrọ àforíjì ní gbangba níwájú àwọn ọmọ-ọmọ àwọn 272. Ilé kan di ti Isaac Hawkins, Isaac tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú ìwé títà náà. Èkejì di ti Anne Marie Becraft, obìnrin dúdú tó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin dúdú ládùúgbò náà ní àwọn ọdún 1820. Wọ́n tún ṣèlérí pé bí wọ́n ṣe ń fojúure wo ọmọ àwọn tó ti kàwé jáde níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbani wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn yóò ṣe fún ìran àwọn 272.

Ìlérí yìí gan-an la fẹ́ yẹ̀ wò. Ta ni bàbá àgbà rẹ̀ lè ti kàwé jáde ní Georgetown ní 1930? Ẹni tí wọn kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ni. Ojúure tí wọ́n wá nawọ́ rẹ̀ sí ìran àwọn 272 jẹ́ ohun tí àwọn mìíràn ti ń jẹ láti ìran dé ìran, a kò sì rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi pè é ní àánú. Owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan níbẹ̀ ti kọjá dọ́là 60,000 lọ́dún. A mọ̀ pé yunifásítì náà ní ìrànwọ́ fún aláìní, ṣùgbọ́n ìrànwọ́ ọ̀tọ̀, gbèsè ọ̀tọ̀. Ẹni tó jẹ ọ́ lówó kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá o ní owó lápò.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ lóye èyí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, wọ́n dìbò. Ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan máa san dọ́là 27.20 ní sáà kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ-ọmọ náà. Àwọn aláṣẹ kò gba ìbò náà bó ṣe wà. Wọ́n ní àwọn yóò máa wá dọ́là 400,000 lọ́dún fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè láàárín àwọn ọmọ-ọmọ náà. A kò bá wọn jà pé wọn kò gbowó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, torí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ló ta Isaac. Ohun tó ṣe wá ní kàyéfì ni pé iye náà kéré fún ilé-ẹ̀kọ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di 2021, àwọn Jesuit ṣèlérí mílíọ̀nù 100 dọ́là fún àjọ tí wọ́n bá àwọn ọmọ-ọmọ náà dá sílẹ̀. Ní 2023, mílíọ̀nù 27 wọlé sí àjọ náà, mílíọ̀nù 10 lára rẹ̀ láti ọwọ́ Georgetown. Èyí dára, kí wọ́n tẹ̀ síwájú.

Àwọn kan yóò ní ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà ti sọ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 pé yunifásítì kò gbọdọ̀ wo àwọ̀ gbani wọlé mọ́. Òótọ́ ni. Clarence Thomas wà lára àwọn adájọ́ tó dá a bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ Jesuit ni òun náà ti jáde, Holy Cross ní Massachusetts, níbi tí Mulledy kan náà ti jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ ní 1843. Ọdún 1968 ni Thomas wọlé, ọdún tí Fadá John Brooks wakọ̀ lọ sí Philadelphia, tó ń wá àwọn ọmọ dúdú tó mọ̀wé tó sì ń fún wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè rín. Lójú tiwa, ìdájọ́ yẹn kò dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ wọ̀nyí, nítorí orúkọ inú ìwé títà ni wọ́n fi ń mọ̀ wọ́n, kì í ṣe àwọ̀.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú nìkan. Láti 1999 ni Georgetown ti ní lẹ́mọ́mù tí yunifásítì ń san owó oṣù fún. Ní 2023, ó ṣí mọ́sálásí sínú ọgbà, ó sì fi orúkọ Yarrow Mamout sọ ọ́, Mùsùlùmí Fúlàní tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà, tó gba òmìnira ní 1796, tó sì kọ́lé sí àdúgbò náà. Èyí kò ní ṣe Yorùbá ní kàyéfì, àwa tí ẹ̀gbọ́n ń lọ Jímọ̀ tí àbúrò ń lọ Máàsì láti inú ilé kan náà. Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì ti sọ ní 1965 pé kíkó ènìyàn dànù nítorí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn lòdì sí ìfẹ́ Ọlọ́run. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé àwọn olóṣèlú ìwòyí ló gbé ọ̀rọ̀ ṣíṣílẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn dé.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí Georgetown má yí ohun kan padà nítorí ìwé ìhàlẹ̀. Kó máa kéde lọ́dọọdún iye ọmọ ìran àwọn 272 tó gbà wọlé. Maringouin, ìlú kékeré kan ní Louisiana tí ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń gbé, ni kó sì ti bẹ̀rẹ̀: kí òṣìṣẹ́ tó ń wá akẹ́kọ̀ọ́ wakọ̀ lọ síbẹ̀ bí Brooks ti ṣe, kó mú fọ́ọ̀mù dání, pẹ̀lú ìwé tí ààrẹ fọwọ́ sí pé ọmọ tó bá yege kò ní san kọ́bọ̀.