Ẹ Fọ̀ Ọ́ Ná!

Irọ́ ni pé apakòkòrò tó bá ti ń ta síni nímú ti pa gbogbo kòkòrò àìfojúrí tó wà lára ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ló gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá rí kòkòrò lónìí, wọn á ní kí wọ́n po kẹ́míkà náà kó le sí i lọ́la.

99.9% kòkòrò tí wọ́n kọ sára ike apakòkòrò pé ó ń pa ńkọ́? Kòkòrò tó ń léfòó nínú omi, tàbí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kan nǹkan, ni wọ́n sábà fi ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ti ilé-iṣẹ́ kì í gbé báyẹn. Ó ń lẹ̀ mọ́ rọ́bà àti ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ra, yóò wá pọ nǹkan kan tó ń yọ̀ bí ilá bo ara rẹ̀. Biofilm ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Bí apakòkòrò bíi kílórìn bá débẹ̀, ohun tó ń yọ̀ yìí àti ọ̀rá oúnjẹ ni yóò kọ́kọ́ bá jà, agbára rẹ̀ á sì ti dínkù kó tó dé ìsàlẹ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ náà kì í sáré dàgbà, ìyẹn sì tún mú kí wọ́n ṣòro pa.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1683, Antoni van Leeuwenhoek, oníṣòwò aṣọ ará Netherlands, kọ ọ́ sí Royal Society ní London pé ọtí kíkan tí òun fi fọ eyín, àwọn ẹ̀dá tó wà lóde ìdọ̀tí eyín nìkan ló pa. Biofilm ni ìdọ̀tí eyín. Ta ló wá ń fi ògógóró yọ́nu dípò kó run pákò?

Ní Kánádà lọ́dún 2008, kòkòrò Listeria inú ẹran gígé láti ilé-iṣẹ́ Maple Leaf Foods ní Toronto pa èèyàn tó lé ní 20. Wọ́n ń fi apakòkòrò sí ẹ̀rọ ìgẹran wọn déédéé o! Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló sọ pé inú ẹ̀rọ lọ́hùn-ún ni kòkòrò náà ti ń kó jọ. Fíríìjì kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́, torí Listeria ń dàgbà nínú òtútù.

Kẹ́míkà tó le jù ń jẹ irin, ó ń ta òṣìṣẹ́ lójú. Ẹ tú ẹ̀rọ. Ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án, kẹ́ ẹ tó lo apakòkòrò ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó pẹ́ tó. Ibi tí búrọ́ọ̀ṣì kò bá dé, ẹ bi ẹni tó ta ẹ̀rọ náà bí wọ́n ṣe ń tú u.