Ọpọlọ Titun Nínú Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Ọ̀pọ̀ baálé ilé tí ó ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ a máa rò nínú ara rẹ̀ pé bí òun bá fi pírósẹ́sọ̀ titun sí i, èyí tí í ṣe ọpọlọ rẹ̀, gbogbo ìfàsẹ́yìn rẹ̀ yóò tán. Ó tọ́ kí a gbé ọ̀ràn yìí yẹ̀ wò kí owó ilé tó jáde lápò.

Ẹ jẹ́ kí a fi Amiga 1200 ṣe àpẹẹrẹ. Ilé-iṣẹ́ Commodore ni ó gbé e jáde ní ọdún 1992, ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì sì rà á. Ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé ní ọdún 1994, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì ń lo tiwọn títí di òní. Agogo ọpọlọ rẹ̀ ń lù ní nǹkan bí ìgbà mílíọ̀nù 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlẹ̀kùn kékeré kan wà ní abẹ́ rẹ̀ tí a lè gbà ki pátákó àfikún bọ̀ ọ́. Ọ̀kan nínú irú pátákó bẹ́ẹ̀ ni Blizzard 1230, tí agogo ọpọlọ rẹ̀ lè lù ní ìgbà mílíọ̀nù 50.

Ẹni tí ó bá ṣírò yóò wí pé iṣẹ́ gbogbo yóò yá ní ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ mìíràn yóò yá ju ìyẹn lọ. Òmíràn kò sì ní yá rárá.

Kí ni ìdí rẹ̀? Ẹ wo ilé tí ó ní kànga kan ṣoṣo. Bí ó ti wù kí ọwọ́ ìyá ilé yá tó, bí àwọn ọmọ bá ń fa omi nínú kànga náà, dandan ni kí ó dúró. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Amiga 1200 rí. Ìrántí mẹ́gábáìtì 2 tí ó bá a wáyé, ọpọlọ rẹ̀ àti àwọn ẹ̀rọ tí ń ṣe àwòrán àti ohùn ni wọ́n jọ ń lò ó. Bí a bá fi ìrántí titun sórí pátákó, tí ó jẹ́ ti ọpọlọ nìkan, a ti gbẹ́ kànga kejì. Kódà, bí a bá fi ọpọlọ àtijọ́ sílẹ̀ tí a kàn fi irú ìrántí yìí kún un, iṣẹ́ rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ yá ní ìlọ́po méjì. Nítorí náà, ẹni tí ó ra Blizzard láìra ìrántí sí i kò ní jẹ èrè owó rẹ̀ tán.

Pátákó náà yóò mú kí iṣẹ́ ìṣirò yá gidigidi, àti àwòrán tí a ń fi ìṣirò yà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń ka díìsìkì kò ní yí ju bí ó ti ń yí tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn eré kan tí a kọ fún ọpọlọ àtijọ́ tilẹ̀ lè máa sáré jù, tàbí kí wọ́n kọ̀ láti ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, baálé ilé, kọ́kọ́ jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ, kí o sì kíyèsí ibi tí ó ti ń dá ọ dúró. Bí ó bá jẹ́ nídìí ìṣirò ni, ra pátákó àti ìrántí pọ̀. Bí ó bá jẹ́ nídìí díìsìkì ni, háàdì díìsìkì ni kí o fi owó rẹ rà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́; bẹ́ẹ̀ ni pípààrọ̀ ọpọlọ kọ́ ni oògùn gbogbo ìfàsẹ́yìn.